Ìyá Abẹ́rẹ́ àti Ojú Ìwé Kọkànlélógójì

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìyá Abẹ́rẹ́ ti fi ń rán ìwé ní ilé ìtẹ̀wé ìjọba. Abẹ́rẹ́ gígùn, òwú tí wọ́n fi ìda pa, gọ́ọ̀mù: nǹkan tó ń lò kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti yi bí awọ bàtà. Àṣà kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: ẹ̀dà tí ẹ̀rọ bá gé wọ́, ẹni tó rán an ló ni ín. Àwọn yòókù ń fi tiwọn nu gọ́ọ̀mù orí tábìlì. Òun ń ka tirẹ̀.

Èyí tó kà lọ́dún kan ni ìròyìn tí ìjọba fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń mójú tó ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin. Ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin, ìjọba ní láti ròyìn bó ṣe ń pa àdéhùn tó tọwọ́ bọ̀ mọ́. Ojú ìwé kọkànlélógójì sọ pé: "Àṣẹ kan náà ni ìyá àti bàbá ní lórí ọmọ wọn ní orílẹ̀-èdè wa. Ìyá lè fọwọ́ sí ìwé ìrìnnà ọmọ rẹ̀." Mo fi ojú ara mi rí i, torí tábìlì kan náà la jọ ń lò. Etí ìwé náà wọ́ lóòótọ́.

Inú Ìyá Abẹ́rẹ́ dùn kọjá ààlà. Ọmọbìnrin rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàdínlógún, ti rí ààyè ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lókè òkun. Bí kò bá dé kí oṣù tó parí, wọn yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ìwé ìrìnnà nìkan ló kù. Bàbá ọmọ ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ọmọ ń rákòrò.

Ó gbé ẹ̀dà náà lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ìrìnnà. Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn gíláàsì yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Màmá, níbo lẹ ti rí èyí?"

"Èmi ni mo rán an."

"Ẹ rán an! Ṣé télọ̀ tó rán aṣọ ọlọ́pàá náà ló ń mú olè ni?"

Gbogbo àwọn tó tò sórí ìlà bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ṣáà ka ojú ìwé yẹn."

"Mo ti kà á, ó dára gan-an. Àwọn ará òkè òkun ni wọ́n kọ ọ́ sí. Fọ́ọ̀mù tiwa rèé. Ibi ìbuwọ́lù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ti bàbá. Bí bàbá ò bá sí, ọkùnrin kan láti ìdílé rẹ̀."

"Èmi tí mo bí i ńkọ́?"

"Fọ́ọ̀mù ò kúkú sọ pé ẹ ò bí i."

Ọkùnrin kan ṣoṣo tó kù nínú ìdílé náà ni àbúrò bàbá ọmọ, tó ń fọ mọ́tò ní ibùdókọ̀. Kò mọ̀wé. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti dé ilé wọn gbẹ̀yìn. Ìyá Abẹ́rẹ́ lọ bá a níbẹ̀.

"Ìyàwó wa! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, ọkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi fọwọ́ sí ìwé kékeré kan, ti ọmọ yín ni."

"Mo ṣì wúlò nìyẹn!" Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, inú rẹ̀ dùn. "Ọmọ yẹn, ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé obìnrin ni. Kò láyè láti bínú.

Lọ́jọ́ kejì, akọ̀wé ti yíǹkì sí iwájú ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà dorí fọ́ọ̀mù kodò, ó ń wò ó. "Ibo ni kí n tẹ̀?" Ìyá Abẹ́rẹ́ ló yí i padà fún un, òun náà ló di àtàǹpàkò rẹ̀ mú dé ibẹ̀. Akọ̀wé lu òǹtẹ̀.

"Ṣé ẹ wá rí i báyìí, Màmá? Kò le rárá."

Ọmọ lọ. Mo ní ọ̀rọ̀ náà ṣáà yọrí sí rere. Ìyá Abẹ́rẹ́ ní kí n bá òun na òwú.

Ọdún mẹ́rin kọjá, ìròyìn tuntun dé orí tábìlì rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti ìgbà tí àwọn ti ròyìn kẹ́yìn, ìyá kankan kò mú ẹ̀sùn wá lórí ìwé ìrìnnà ọmọ. Òun ló rán an látòkèdélẹ̀. Ẹ̀rọ gé ẹ̀dà méjì wọ́ nínú tirẹ̀ lọ́dún yẹn. Ó fi méjèèjì nu tábìlì.