Àáró Wọ Ṣọ́ọ̀bù Alábáàgì ní Baruwa

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ Mọ̀dínátù, tó ń rán báàgì ilé-ìwé ní Baruwa, mọ̀ pé obìnrin náà fẹ́ràn àṣẹ pípa. Ibùdó kan tí àwọn olùkọ́ ti ń tọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní ó ti tó dá dúró, ó kó ẹ̀rọ ìránṣọ àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fáànù ṣe.

Kò pẹ́ tí báàgì tó rán fún ilé-ìwé kan ní Ipaja fi ń já bọ́ léjìká àwọn ọmọ. Okùn rẹ̀ ń tú. Mọ̀dínátù fúnra rẹ̀ ló rán okùn náà. Àwọn òṣìṣẹ́ rí i, wọ́n panu mọ́. Ní ibùdó tó ti kúrò, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ní Baruwa, ta ló máa sọ fún ọ̀gá pé iṣẹ́ rẹ̀ ò dáa? Ilé-ìwé ní kó rán òmíràn, tí ìyẹn náà bá tú, àwọn ò bá a ṣe mọ́.

Ìgbà náà ló rántí àáró tí bàbá rẹ̀ ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. Oko ẹni tí wọ́n bá wà lónìí, òun ni ọ̀gá, bó tilẹ̀ jẹ́ òun ló kéré jù. Mọ̀dínátù ní bẹ́ẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù òun yóò ṣe máa rí: ẹnì kan ni yóò máa ni ọ̀sẹ̀ kan, ohun tó bá sọ, abẹ gé e. Mo rẹ́rìn-ín. Mọ̀dínátù kẹ̀? Mo ní ká máa wò ó.

Ọ̀sẹ̀ tí báàgì tuntun máa jáde bọ́ sọ́wọ́ Hephzibah, ọmọbìnrin tó ń gé aṣọ, tí kì í sọ̀rọ̀ sókè. Mo fi fáànù onífáànù sílẹ̀, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. Hephzibah ń fa okùn báàgì kọ̀ọ̀kan wò. Ó kan ti Mọ̀dínátù, ó fà á, ó tún un fà. Ó kúnlẹ̀.

“Ẹ má bínú, mà. Èyí ò dáa. Ẹ máa tú u.”

Jàfárù, àgbà òṣìṣẹ́ wọn, gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ojú Mọ̀dínátù le.

“Ṣé gbogbo ẹ̀ ni, àbí okùn nìkan?”

“Okùn nìkan, mà. Ẹ rán an ní àránpadà, kẹ́ ẹ rán an lọ, kẹ́ ẹ rán an bọ̀.”

Mọ̀dínátù mú abẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. “Dìde ńlẹ̀ jàre,” ló wí. “Ọ̀gá kì í kúnlẹ̀.”

Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ ti wọlé sílé-ìwé báyìí, wọ́n ń gbé báàgì náà kọjá níwájú mi, ìwé kún inú rẹ̀ bámúbámú, okùn kankan ò tíì tú. Jàfárù ló ni ọ̀sẹ̀ yìí. Ó ti rán Mọ̀dínátù lọ ra òwú ní àdúgbò Command.