Omi inú ife Sista

Bí mo bá ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ẹja, ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Ọ̀tà ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Alágbẹ̀dẹ fàdákà ni wọ́n. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni wọ́n fi ń fọ fàdákà títí yóò fi máa dán gbinrin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ife ni wọ́n ń fọ̀. Wọ́n rọ ọ́ bí ife ìsìn tí ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà gbé wá fún àtúnṣe rí, wọ́n sì fi lẹ́tà Lárúbáwá fín orúkọ màmá mi sí ìdí rẹ̀. Sista òyìnbó ṣọ́ọ̀ṣì náà tó gbẹ̀bí màmá mi lẹ́yìn ìrọbí ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ fún.

Bàbá mi kì í jẹ́ kí ife jáde àfi bí ẹni tó ni ín bá mu omi nínú rẹ̀ lójú wọn, kí a lè mọ̀ pé kò jò. Nígbà tí Sista dé, wọ́n bu omi àmù sí i.

"Ẹ mu ún, Sista. Tiyín ni."

Sista wo omi náà pẹ́. Mo rò pé omi àwa ìmàle ni wọn ò fẹ́ fẹnu kàn. Bàbá mi sọ orí kọ́. Sista wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife sẹ́nu, wọ́n dijú, wọ́n mu ún tán.

"Kò jò, Bàbá," ni Sista wí.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé àlùfáà Àgùdà nìkan ló ń mu nínú irú ife bẹ́ẹ̀ nígbà náà, àti pé omi àmù wa ọjọ́ náà nìkan ni Sista mu nínú tiwọn rí.