Àkókò Tí Àdúrà Jẹ

Bọ́ọ̀lù ti kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ kí ìyàwó rẹ̀ tó na aṣọ ìnura funfun sókè pé àkókò eré ti tán. Rẹfirí fọn fèrè, bọ́ọ̀lù wọ inú àwọ̀n, wọ́n sì ní góòlù náà kò sí. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro láti gbé mì ni pé nínú àkókò tí aago ìyàwó náà kà, a ò gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo rẹ̀. Àdúrà la fi apá kan rẹ̀ gbà.

Mo wà níbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni, nígbà ooru èṣí, lórí pápá ìta gbangba kan ní Dagenham. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì ló pàdé, kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì tó wà ní ìlú kan náà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọ̀kan wà lórí òkè, èkejì wà létí odò, nítorí náà Òkè àti Odò la ń pè wọ́n. Láti ìgbà tí a ti ń wọ ṣòkòtò péńpé ni wọ́n ti ń bá ara wọn fa bọ́ọ̀lù. Ọkọ̀ òfurufú tó gbé wa wá sí London gbé ìjà náà mọ́ ẹrù wa. Ọmọ Òkè ni mí; mo sọ ọ́ kí òǹkàwé lè mọ ibi tí mo dúró sí.

Ọkọ tí mò ń sọ jẹ́ ọmọ Òkè, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ọmọ Odò, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creekmouth. Nítorí pé ó ní ẹsẹ̀ nínú ilé méjèèjì, òun la fi ń ṣe olùtọ́jú aago lọ́dọọdún. Bó bá ṣègbè fún Odò, ọkọ rẹ̀ yóò bá a sọ ọ́ nílé. Bó bá ṣègbè fún Òkè, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní jẹ́ kó gbádùn. Rẹfirí wa, ọmọ Gánà ni, kí ẹnikẹ́ni má baà bi í pé kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ló lọ.

Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ ló wà nínú ẹgbẹ́ méjèèjì. Nítorí náà, Mùsùlùmí kan ló ń fi àdúrà ṣí abala kìn-ín-ní, Onígbàgbọ́ kan a sì ṣí abala kejì. Ẹni tó máa ń gba ti abala kejì kì í sọ ju gbólóhùn kan lọ: “Olúwa, ṣọ́ ẹsẹ̀ wa.” A ó ṣe àmín, bọ́ọ̀lù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Nítorí bó ṣe máa ń yá tó, olùtọ́jú aago ti sọ ọ́ di àṣà láti tẹ aago bí a bá ti tẹrí ba, kí òun náà lè ráyè di ojú. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i rí.

Lọ́dún náà, ọkùnrin elédè kúkúrú yẹn rìnrìn àjò. Bàbá kan tó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà ló dípò rẹ̀. Ọmọ Odò ni bàbá náà. Ó gba ṣọ́ọ̀ṣì wá tààrà pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́yìn ìlà, ó sì fẹsẹ̀ lásán rìn wọ àárín pápá.

Bàbá alàgbà gbàdúrà. Ó gbà á fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru, fún àwọn tí ìwé ìgbélùú wọn kò tíì jáde, fún àwọn tí onílé ti ní kí wọ́n kó jáde ní Becontree, fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò. Ó gbà á fún Nàìjíríà. Ó gbà á fún ọba ilẹ̀ tí a wà. Nígbà tí a rò pé ó ti ń gúnlẹ̀, ó rántí àwọn aboyún. Àmín wa fi ohùn ńlá bẹ̀rẹ̀, ó wá ń relẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Agbábọ́ọ̀lù Òkè kan tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yọ ojú kan. “Ẹ̀gbọ́n,” ó sọ ọ́ sí mi létí, “ara mi ti tutù o. Ó di kí n tún sáré yí pápá ká.”

Odò ti gbá góòlù kan wọlé ní abala kìn-ín-ní. Ní abala kejì, Òkè gbé ogun tì wọ́n. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì wa wọlé nígbà tí ẹlòmíì rọ́ lẹ́sẹ̀. Kò sáré; orúnkún rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó dúró síwájú góòlù bí ẹni tó ń retí èrò ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀bù, bọ́ọ̀lù bá a níbẹ̀, ó sì gbá a. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi.

Ariwo sọ. Gólì Odò dúró sí àárín àwọn tó fẹ́ bá a jà, ó ń rẹ́rìn-ín. “Mo gbọ́ fèrè ni mo fi fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀,” ó ní. “Bí kò bá sí fèrè, ṣé irú bọ́ọ̀lù arúgbó yẹn ló máa wọlé mọ́ mi lọ́wọ́?” Ẹlòmíì láti Odò kígbe sí ọkọ náà pé, “Bàbá, ẹ má bá wa jà. Ilé yín ni kẹ́ ẹ lọ jà á sí.” Rẹfirí ní òun ti fọn fèrè, èémí tó ti inú fèrè jáde kì í padà sẹ́nu.

Ìgbà náà ni ẹnì kan wá bi olùtọ́jú aago pé ìgbà wo gan-an ló tẹ aago.

“Ìgbà tí mo máa ń tẹ̀ ẹ́,” ó dáhùn. “Nígbà tí a tẹrí ba.”

Mo wo ọ̀dọ̀ bàbá alàgbà. Ó ń wá bàtà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán níbẹ̀. Wọ́n ń jà á ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Barking, wọ́n ń jà á lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ àti lẹ́yìn ìsìn. Níbi tí mo bá dé, mo máa ń béèrè bí àdúrà náà ṣe gùn tó. Onígbàjámọ̀ náà ní, “Mo jáde lọ gbé mọ́tò mi kúrò níbi tí wọ́n ti fẹ́ lẹ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Mo padà dé, wọ́n ṣì wà lórí àwọn aboyún.” Obìnrin ọmọ Odò kan ní irọ́ ni: “Àdúrà kékeré ni. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ ló gùn lójú ẹ̀.” Alfa tó ṣí abala kìn-ín-ní kò fẹ́ dá sí i. “Fátíhà kan ni èmi kà,” ó ní. “Ẹ má fà mí wọ ọ̀rọ̀ àwọn Onígbàgbọ́.”

Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, mo lọ kí tọkọtìyàwó náà ní fúláàtì wọn ní Barking Riverside. Láti ojú fèrèsé wọn, a ń wo ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò. Ọkọ gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Ilé ìwòsàn ti sọ fún un pé wọn yóò pààrọ̀ orúnkún rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe é, ó ti parí pẹ̀lú bọ́ọ̀lù nìyẹn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín,” ó ní. “Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, orí bẹ́ǹṣì ni mo lò ó tán. Níbí náà, àfi tí ẹnì kan bá fara pa ni wọ́n ń rántí mi. Góòlù kan ṣoṣo tí mo gbá sílé Odò láyé mi nìyẹn.”

“Kò wọlé,” ìyàwó rẹ̀ sọ láti kíṣìnnì.

“Ó wọlé.”

“Dádì, fèrè ti dún. Ẹ wá jẹun.”

“Mọ́mì, mi ò bá ẹ jà. Ṣé mo ní kí wọ́n kó ife-ẹ̀yẹ fún wa? Àkókò wa tí àdúrà jẹ ni mo ní kí wọ́n dá padà. Kí wọ́n dá a padà nígbà tí mo ṣì ní ẹsẹ̀ tí mo lè fi gbá a.”

Obìnrin náà gbé oúnjẹ síwájú wa, ó sì jókòó. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbọ́ ọ o. Nígbà tí bàbá yẹn ń gbàdúrà, mo mọ̀ pé aago ń lọ. Mo gbọ́ bó ṣe ń ró lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ta ló ń la ojú tẹ aago nínú àdúrà? Tí wọ́n bá rí mi ńkọ́?”

Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Nígbà tó yá, ó ní, “Màá kọ̀wé sí ìgbìmọ̀.” Obìnrin náà ní, “Ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ tèmi náà mọ́ ọn pé ohun tí mo rí ni màá sọ.”

Ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ẹgbẹ́ méjèèjì pè wá jọ nígbà tí ooru tún bẹ̀rẹ̀ sí í padà, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan ní Becontree. Ìyá kan ló jẹ́ alága. Ó ti ṣe olùkọ́ ní Òkè, ó ti ṣe é ní Odò, àwọn tó sì ti fi pàṣán nà kún inú gbọ̀ngàn náà. Ìyá Olùkọ́ la ń pè é. Kò sẹ́ni tó gbé ohùn sókè níwájú rẹ̀.

Olùtọ́jú aago ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Mo tẹ̀ ẹ́ kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe ń ṣe látijọ́. Ọdún yẹn nìkan ló fi hàn.”

Gólì Odò dìde. “Ìyá Olùkọ́, bí a bá ní àdúrà kì í ṣe ara eré, ṣé kì í ṣe pé a ń sọ pé ó fi àkókò ṣòfò? Èmi ò ní sọ irú ẹ̀ níwájú bàbá alàgbà o.”

Ọgbọ́n ni gólì náà fi sọ ọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá lẹ́nu mọ́. Ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò sọ pé àdúrà àgbàlagbà gùn jù?

Bàbá alàgbà fúnra rẹ̀ ló dìde. Ọmọ Odò ni, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ni ife-ẹ̀yẹ, mo sì rò pé yóò dúró ti gólì rẹ̀. “Ọmọ mi,” ó wí fún gólì náà, “bí a bá gbàdúrà sí oúnjẹ, ìgbà wo lo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́?”

“Lẹ́yìn àmín, sà.”

“Bí ẹnì kan bá ń jẹ tìrẹ lọ nígbà tí o di ojú ńkọ́?”

Ẹ̀rín bú sẹ́nu àwọn ará Òkè. Ìyá Olùkọ́ wò wọ́n, wọ́n gbé ẹ̀rín náà mì. Bàbá alàgbà yíjú sí awakọ̀ bọ́ọ̀sì. “Àdúrà mi kò jìyàn pẹ̀lú bọ́ọ̀lù rẹ. Kí wọ́n fún ọ ní àkókò rẹ.”

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan: báwo ni àkókò náà ṣe pọ̀ tó? Ẹnì kan ní kí bàbá tún àdúrà náà gbà, kí a fi aago wọ̀n ọ́n. Bàbá kọ̀. “Ọlọ́run ti gbọ́ ìyẹn,” ó ní. “Mi ò lè máa pariwo sí I létí nítorí aago.” Ó yíjú sí Ìyá Olùkọ́. “Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ la orúnkún ọkùnrin yìí. Èmi ò tíì gbàdúrà sí ìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́, màá gbà á nísinsìnyí, bí mo ṣe máa ń gbàdúrà. Ẹni tó ni aago, kó mú un dání.”

Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Gbogbo wa tẹrí ba, alfa náà sì tẹ́ ọwọ́. Mo gbọ́ bí obìnrin náà ṣe tẹ aago. Mo yọ ojú díẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ kọ ìtàn ni. Òun nìkan ló la ojú sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn náà, ó tẹjú mọ́ aago, omi sì ń dà lójú rẹ̀, nítorí bàbá náà kò fi ohun kan sílẹ̀: ó dárúkọ ọ̀bẹ, ó dárúkọ ọwọ́ dókítà, ó dárúkọ àtẹ̀gùn ilé wọn, ó dárúkọ bírékì bọ́ọ̀sì. Nígbà tí a ṣe àmín, ó tẹ aago dúró, ó sì gbé e fún alága. Ìyá Olùkọ́ wò ó, ó fi han alfa, ó fi han gólì Odò. Gólì náà mi orí, ó jókòó.

Ìgbìmọ̀ wọ yàrá kan lọ, wọ́n sì padà. Ìyá Olùkọ́ dúró láti sọ ìpinnu wọn, bó ṣe máa ń dúró níwájú ìlà àárọ̀ nílé ẹ̀kọ́.

Góòlù náà kò dúró, ó ní. Fèrè ti dún kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n Odò jẹ Òkè ní àkókò, wọn yóò sì san án. A ti bá ọ́fíìsì pápá káńsù sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti fún wa láyè lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó wọ ilé ìwòsàn. Àwọn tó wà lórí pápá nígbà tí fèrè dún ni yóò padà síbẹ̀, Odò á ní góòlù kan, Òkè kò ní ní ìkankan, wọn yóò sì gbá ìwọ̀n àkókò tó wà lójú aago yìí, láìsí àfikún.

“Dókítà ní kó má sáré o,” ìyàwó rẹ̀ sọ láti ibi tó jókòó sí.

“Mi ò sáré níjọ́sí náà,” ọkọ rẹ̀ dáhùn. “Màá dúró síbi tí mo dúró sí.”

Ìyá Olùkọ́ dúró kí gbọ̀ngàn náà tún dákẹ́. Obìnrin kan náà ni yóò mú aago dání, ó ní, bàbá alàgbà ni yóò sì ṣí eré náà. Kí ó gbàdúrà bó bá ṣe wù ú kó gùn tó. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tẹ aago kí a tó ṣe àmín.