Wọ́n Pe Àìsàn ní Ìmọ̀ràn, Folúṣadé sì Kú

Folúṣadé, ìyàwó Yísà awakọ̀, kú ní Kàdúná lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun àti oyún inú rẹ̀. Ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí ọsàn kó tó kú. Níbi ìsìnkú, akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ọmọ Yorùbá dìde, ó ní "àìsàn ránpẹ́" ló mú un lọ, gbogbo wa sì ṣe àmín. Àìsàn ránpẹ́ wo? Ṣé àìsàn náà kò lórúkọ ni, àbí ẹnìkan wà tí ìròyìn rẹ̀ máa bà lórúkọ jẹ́?

Ìyàwó wa ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Yísà, nítorí náà, bí mo tiẹ̀ kéré sí Folúṣadé, ọkọ ni mo jẹ́ fún un, kò sì pe orúkọ mi rí. Ọjọ́ tí mo ti abúlé dé, tí mo ń fi ìwé díẹ̀ tí mo kà yangàn, ló sọ mí ní Tíṣà Oko.

"Tíṣà Oko, ẹ wá jẹun," á wí báyìí. "Àbí ìwé ti yó yín?"

"Ìyàwó wa, pẹ̀lú iyọ̀ tó wà nínú ọbẹ̀ yìí, ìwé ló sàn."

"Ó dáa. Ẹ lọ se ìwé yẹn, kí ẹ bù fún ẹ̀gbọ́n yín."

Kàdúná ni wọ́n bí i sí. Ó lè fi Hausa bá àwọn agbèrò gáréèjì àdúgbò Television jà títí wọn yóò fi bẹ̀ ẹ́, á wá fi Yorùbá parí rẹ̀ kí wọ́n má baà mọ orúkọ tó pè wọ́n. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ la sin, tí ẹnu gbogbo wa sì kú.

Ilé kọfí Alàgbà Akínladé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe bẹ́ǹṣì àwọn maishayi tó ń ta tíì lábẹ́ igi o. Ó ní fáànù, ó ní aṣọ tábìlì, ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń la ojú kí wọ́n tó lọ sí ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n ẹ yí lọ sẹ́yìn ilé. Garawá omi kan ló wà níbẹ̀. Omi ẹ̀rọ ti dá tipẹ́, omi kànga ni mairúwà tó ń ta omi kiri ń fi ọmọlanke tì wá. Wọ́n á ri ife bọ garawá, wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á bu kọfí sí i fún ẹlòmíràn. Nígbà tí omi garawá bá ti jọ kọfí fúnra rẹ̀, tí Folúṣadé ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n á ní kó máa lò ó lọ, pé kọfí gbígbóná ń pa kòkòrò. Inú omi yẹn ni ọwọ́ ìyàwó wa máa ń wà láti àárọ̀, ọwọ́ náà ló sì fi ń jẹun.

Ẹ má sọ pé ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀. Wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa. Èmi kò sí níbẹ̀, iṣẹ́ ló gbé mi lọ sí Máńdò; ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ẹ̀rín sì ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ọkùnrin náà fi Hausa sọ̀rọ̀: "Shawara ta shigo unguwar nan." Ó ní kí àwọn ilé kọfí máa se omi, kí wọ́n máa fi ọṣẹ fọ ife, kí wọ́n sì fi omi mìíràn ṣàn án. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kó ti ilẹ̀kùn.

Akọ̀wé wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnbọ̀sún, tí kò tíì pẹ́ tó ti Èkó dé, ló ṣe ògbufọ̀. Ìtumọ̀ méjì ni "shawara" ní lẹ́nu àwọn Hausa. Ó jẹ́ ìmọ̀ràn. Ó tún jẹ́ ibà pọ́njú, èyí tí ọkùnrin náà ní ó ti wọ àdúgbò wa. Èyí tí akọ̀wé mọ̀ ló mú. Ó ní, "Ìjọba mú ìmọ̀ràn wá fún wa." Báyìí ni ibà pọ́njú ṣe wọ ìpàdé wa, tí a pè é ní ìmọ̀ràn, tí a sì kí i káàbọ̀. Alàgbà Akínladé, tó jẹ́ alága ẹgbẹ́, tó sì ni ilé kọfí, mi orí.

"Ìmọ̀ràn dára," ó ní. "A ó yẹ̀ ẹ́ wò."

Ta ló ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nítorí ìmọ̀ràn?

Akọ̀wé ṣe àṣìṣe, àlejò ni, mo lè dárí jì í. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó jókòó níbẹ̀, Kàdúná ni wọ́n sin ìwọ́ wọn sí. Mo lọ bá ọ̀kan nínú wọn, Alhaji Jàmàlúdéènì, nílé. Mo ní kí ló pa á lẹ́nu mọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kí n dójú ti akọ̀wé láàrin èèyàn ni?"

"Ẹ mọ̀ pé ó ṣì í túmọ̀?"

"A mọ̀. A rò pé Alàgbà náà mọ̀."

"Ẹ ò sì bi í?"

"Alága ni. Báwo la ṣe máa bi alága?"

Nítorí kí ojú má ti akọ̀wé, ojú wá ń ti ìran kan lódindi. Àwa tí a máa ń sọ pé ọmọlúàbí ni wá nílẹ̀ àjèjì, ṣé ọmọlúàbí nìyẹn?

Wolé-wolé ńkọ́? Ó dé ilé kọfí náà lẹ́yìn ìpàdé. Wọ́n fún un ní kọfí oní-mílíìkì àti búrẹ́dì, ó jókòó sábẹ́ fáànù, ó jẹ, ó mu, ó dìde. Kò yí lọ sẹ́yìn. Kí ló dé tí a fi ń pè é ní wolé-wolé? Ilé wo ló wò?

Dókítà tó tọ́jú Folúṣadé sọ ọ́ fún mi láìfi bò. Fáírọ́ọ̀sì tó ń bá ẹ̀dọ̀ jà ni, omi àti ife ìdọ̀tí ló ń gbé e kiri, aboyún ló sì ń burú fún jù. Ó bi mí pé ṣé kò sí ẹni tó kìlọ̀ fún wa ládùúgbò.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni ti Yísà. Nígbà tí ojú ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó se àgbo fún un, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe. Ìyá Folúṣadé wá ní àgbo yẹn ló pa ọmọ òun. Kò jẹ́ kí Yísà wọ ilé òun mọ́. Mo sọ ohun tí dókítà sọ fún Yísà. Ó gbọ́ mi parí, ó ní, "Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, Alàgbà ì bá ti sọ fún mi." Ọkùnrin kan jókòó sílé, ó gbà pé ọwọ́ òun lòun fi pa ìyàwó òun, ẹni tó lè sọ ọ̀rọ̀ tó máa tú u sílẹ̀ sì ń ta kọfí. Ọjọ́ kejì ìsìnkú ni wọ́n ṣí ilé kọfí náà padà. Rashidat, ọmọbìnrin tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ló wà nídìí garawá báyìí.

Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Kí ìjọba ìbílẹ̀ ti ilé kọfí yẹn títí omi tó mọ́ yóò fi dé ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ohun tí wolé-wolé wọn kọ sílẹ̀ nígbà tó jẹun tán. Kí Alàgbà Akínladé mú akọ̀wé àti Alhaji Jàmàlúdéènì lọ́wọ́, kí àwọn mẹ́ta lọ sílé ìyá Folúṣadé, kí wọ́n mú Yísà dání, kí wọ́n sọ lójú ìyá náà pé kì í ṣe àgbo. Bí wọn kò bá tíì lọ kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó pé, èmi ni mo máa dìde níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, mi ò sì ní jókòó títí alága yóò fi fèsì.