Àdán Bàbá Mi àti Òdòdó Ìyá Mi

Igi máńgòrò kan wà lágbàlá ilé wa ní Chanchaga tí àdán máa ń so rọ̀ sí lásìkò èso. Bàbá mi fẹ́ràn wọn. Látìgbà tí Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, àwọn àdán yìí ni wọ́n máa ń kí láàárọ̀ kí wọ́n tó dá wa lóhùn. Ìyá mi ò fẹ́ rí wọn sójú, nítorí orí aṣọ tí Ìyá bá sá ni àdán máa ń yàgbẹ́ sí.

Òdòdó ni Ìyá fẹ́ràn ní tiwọn. Wọ́n gbin ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó funfun báláú, ẹnu rẹ̀ là bíi ti fèrè. Lọ́jọ́ kan, Bàbá tẹjú mọ́ ọn.

"Ìyá wọn, ohun tí àwọn Háúsá ń pè ní zakami lo gbìn sínú ilé yìí. Májèlé ni."

"Bàbá wọn, ẹ jẹ́ kí n sinmi, ẹ̀yin tí ẹ ń sin jemage, àwọn àdán yín yẹn."

Bí wọ́n ṣe ní kí n wá dájọ́ nìyẹn, torí pé bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé. Mo jókòó sáàárín wọn, mo ń ṣàlàyé bí olùkọ́: àdán ń gbin igi fún wa, torí èso tó bá jẹ níbí, ibòmíràn ló ń da kóró rẹ̀ sí. Àwọn èèyàn ń pa wọ́n jẹ, iye wọn sì ń dín kù. Òdòdó náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n láti ewé dé kóró, májèlé ni.

"Wọ́n ń dín kù?" Ìyá tọ́ka sórí igi. "Ta ló kà wọ́n?"

"Òdòdó tìrẹ ńkọ́, kí ló ń ṣe fúnni?" ni Bàbá bi wọ́n.

"Kì í yàgbẹ́ sórí bùbá mi."

A ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ewúrẹ́ Ìyá yọ láti ẹ̀yìn kànga, ewé òdòdó lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń rìn bí ọ̀mùtí. Ó lọ dúró níwájú táǹkì omi, ó ń teríba fún un. Ó kan ògiri, ó sún sẹ́yìn, ó ń wò ó bí ẹni pé ògiri ló jẹ̀bi. Ẹ̀rín fẹ́ pa Bàbá, ṣùgbọ́n wọ́n wo ojú Ìyá, wọ́n panu mọ́.

Dókítà ẹran tí a pè láti Dutsen Kura ní kí a so ó sábẹ́ ibòji, kí omi má jìnnà sí i. Ọjọ́ kejì ló tó dá wa mọ̀. Ìyá fi ọ̀rá wé ọwọ́, wọ́n fa òdòdó náà tu fúnra wọn. Bàbá ló gbẹ́ ihò tí wọ́n sin òdòdó náà sí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Bàbá fi páànù ṣe òrùlé kékeré sórí okùn aṣọ. Aṣọ máa ń pẹ́ kó tó gbẹ lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá ní àwọn fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.