Ewé Tó Hù Nínú Òkun Pálọ̀ Wa

Òórùn òkun ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn nígbà yẹn bó bá ti ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀ wa ní Ìgando. Kò kúkú sí òkun ní Ìgando, ọkọ mi ló gbé e wọlé. Ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe kiri Èkó, ilé olówó kan tí iṣẹ́ gbé e dé ló ti rí táǹkì gíláàsì tí wọ́n bu omi oníyọ̀ sí, tí ẹja òkun ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín òkúta àti iyùn nínú rẹ̀. Kì í ṣe iyùn ọrùn ìyàwó o. Iyùn tó wà láàyè ni, tó ń ṣí, tó ń pa dé bí òdòdó. Ọkùnrin mi délé, kò lè jẹun. Nígbà tí òun náà wá ra tirẹ̀, tó kó ẹja kéékèèké méjì aláwọ̀ ọsàn, onílà funfun, sínú rẹ̀, mo ní, "Ẹja tí kò ṣeé jẹ, kí la fẹ́ fi ṣe?" Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo gbọ́n nígbà yẹn.

Àfi bí rọpárọsẹ̀ ṣe kọlù ú láàárọ̀ ọjọ́ kan. Apá ọ̀tún kọṣẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún kọṣẹ́, ọ̀rọ̀ sì dí mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n dá wa padà sílé láti ọsibítù, ńṣe ló máa ń kọjú sí ògiri bí ẹni tó ti bínú kúrò láyé, àfi tí a bá gbé àga rẹ̀ síwájú táǹkì. Níbẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti máa ń là. Ọkùnrin tí ọsibítù ní kó máa wá na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fún un sọ fún mi pé, "Mọ̀dámù, ẹ má jẹ́ kí nǹkan yìí bà jẹ́ o. Òun ló ń jẹ́ kí wọ́n gbórí sókè." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà lọ́kàn mi pé bí táǹkì yẹn bá kú, ọkọ mi á bá a lọ. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù ẹnu ara mi ń bà mí.

Ìyá ọkọ mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ kí n lè padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ mi. Ọlọ́run ló mọ ohun tí ìyá yẹn ṣe fún wa. Yóò wẹ ọmọ rẹ̀, yóò fi ìpara ra á lára, yóò jókòó tì í látàárọ̀ títí tí n ó fi dé, yóò máa bá a tàkúrọ̀sọ bí ẹni pé ó ń dá a lóhùn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí màmá dé ni ewé náà yọjú. Ó kọ́kọ́ rí bí eruku aláwọ̀ ewé lára gíláàsì. Mo nù ún, mo gbàgbé. Nígbà tó yá, ó di irun lórí àwọn òkúta, irun gígùn aláwọ̀ ewé tó ń mì lẹ́lẹ́. Irun náà bẹ̀rẹ̀ sí í wé mọ́ iyùn, iyùn sì pa dé, kò ṣí mọ́. Bí mo bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, n kò ní tíì bọ́ aṣọ, màá ti ki apá bọ inú omi iyọ̀ títí dé èjìká, màá máa fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha òkúta. Bí mo ṣe ń ha á ló ń hù. Àwọn ẹja wá ń gòkè sí ojú omi, wọ́n ń ya ẹnu wọn. Ọkọ mi ń wò wọ́n, èmi náà ń wò ó.

Onílé ni mo kọ́kọ́ gbá mú. Omi kànga ẹlẹ́rọ rẹ̀ máa ń pọ́n bí ìpẹtà nígbà mìíràn, ó sì dá mi lójú pé òun ni. Mo lọ bá a níwájú ilé: "Bàbá, omi yín fẹ́ pa ọkọ mi o!"

Ó wò mí tìyanutìyanu. "Ìyá olùkọ́, omi tí gbogbo ilé ń mu?"

Mo yíjú padà wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi pọ́ọ̀ wọ́tà pò iyọ̀ òkun, màá máa ya ọ̀rá kọ̀ọ̀kan bí aṣiwèrè. Ewé náà kò mọ̀ pé mo pààrọ̀ omi. Mo pe ẹni tó ta ẹja fún wa ní Ìpájà lórí fóònù, ó ní, "Àǹtí, oúnjẹ tó ṣẹ́kù tó ń rà nínú omi ló ń bọ́ ewé yẹn. Ẹ dín oúnjẹ wọn kù."

"Oúnjẹ wo? Èmi nìkan ló ń fún wọn, bíńtín báyìí láàárọ̀!" Mo pòṣé, mo pa fóònù. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Òwe yẹn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Ohun mìíràn tún bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ń fi ọwọ́ òsì lu apá àga. Màmá ní ọ̀sán ló máa ń pọ̀ jù, bí òun bá ti gbé àwo oúnjẹ báyìí, gbì, gbì, gbì. A rò pé ebi ló ń pa á. Màmá á gbé ṣíbí sí i lẹ́nu, á pa ẹnu dé pinpin. Ó ń rù. Mo wo ọkùnrin tó kọ oúnjẹ, mo wo iyùn tó kọ̀ tí kò ṣí, mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mo sunkún.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fún wa ní ìsinmi àárín sáà, wọ́n tètè tú wa sílẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé. Láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, mo rí màmá lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Bísímílá." Ó ṣí ìdérí táǹkì, ó bu mọ́ínmọ́ín, ó jù ú sínú omi. "Ẹ gbà, ẹ̀yin ọmọ ọkọ mi. Ẹ bá wa jẹ." Ọkọ mi ń lu àga, gbì, gbì, gbì.

Ariwo tí mo pa, àwọn ará ilé gbọ́. "Màmá! Ẹ̀yin lẹ fẹ́ pa ọmọ yín!"

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èèpo ẹ̀kọ já bọ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà. "Èmi kẹ̀? Ìyàwó mi, kí ni mo ṣe?"

Mo nawọ́ sí omi. Ó wò ó, ó wò mí. "Wọ́n ń wò mí ni. Bí mo bá ti ń jẹun, wọ́n á sáré wá síbí, wọ́n á máa wò mí lẹ́nu. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jẹun lójú ohun ẹlẹ́mìí kí n má fún un? Àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní."

Ọwọ́ ọkọ mi ti dúró. Ohun tó ti ń sọ fún wa látọjọ́ yìí nìyẹn.

Mo kúnlẹ̀ bẹ màmá. Ó ní òun kò bínú, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì ló ti ń gbé àwo rẹ̀ lọ sí kíṣìnì, yóò kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, yóò dá jẹun. "N ò kàn lè jẹ ẹ́ lójú wọn ni," ló wí. Ojú tì mí débi pé n kò lè wọ kíṣìnì ara mi.

Mo fa gbogbo ìjẹrà tó wà nísàlẹ̀ òkúta jáde, mo ń pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀, mo dín iná orí táǹkì kù. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já. Àwọn ẹja sọ̀ kalẹ̀ kúrò lójú omi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iyùn ṣí. Inú mi dùn, mo pariwo, "Dádì, ẹ wò ó! Ó ti ṣí!"

Kò wò ó. Ojú rẹ̀ ti kúrò lára táǹkì pátápátá, ó ń wo ọ̀nà kíṣìnì. Mo ní mo gbé, ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń wò láyé, kò wò ó mọ́. Mo ṣì wà lórí èrò yẹn nígbà tí mo gbọ́ tí àga dún. Ó ti fi ọwọ́ òsì di ògiri mú, ó ń dìde. Mo sáré sí i, ó fi èjìká tì mí. Ó wọ́ ẹsẹ̀ kọjá níwájú táǹkì, kò wo ibẹ̀, ó dé kíṣìnì, ó fi ògiri sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìyá rẹ̀. Ó ya ẹnu.

Ẹ̀kọ wà lọ́wọ́ màmá. Ó pín in sí méjì. "Bísímílá, ọkọ mi," ló wí, ó ń sunkún.

Ọkọ mi ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí, ó sì ń sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń falẹ̀. Táǹkì ṣì wà. Ewé díẹ̀ ṣì wà lára gíláàsì ẹ̀yìn, n kì í bá a jà mọ́. A ti gbé tábìlì oúnjẹ lọ sí kíṣìnì, bí ibẹ̀ ṣe há tó yẹn, torí màmá. Bó bá wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo sì wà nídìí gíláàsì tí mò ń nù ún, mo máa ń gbọ́ ohùn òun àti ọmọ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Màá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láìparí, màá nu ọwọ́ mi, màá lọ bá wọn jẹun.