Ẹyin Tí A Kò Fún Àbúrò Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Inísà, adìẹ tó wà lẹ́yìnkùlé wa pọ̀ débi pé ẹyin wọn ń pọ̀ jù wá lọ. Inú agbọ̀n, abẹ́ àká, ìdí ààrò tí a kò dáná sí mọ́, ibi gbogbo ni wọ́n ń yé sí. Màmá mi á fi díẹ̀ sílẹ̀ kí adìẹ sàba lé e, á ta díẹ̀ lọ́jà Òkukù, á se díẹ̀ fún bàbá mi àti àlejò. Àwa ọmọ kì í fẹnu kàn án. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí: wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò dolè. Kò sí ẹni tó jiyàn rẹ̀ nílé wa.

Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, irun rẹ̀ pọ́n, kò bá wa ṣeré mọ́. Màmá mi pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù ní Ìkìrun, mo sì tẹ̀lé wọn. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò ní, "Ìyá, ẹyin ni kẹ́ ẹ máa fún un, ọ̀kan lójúmọ́. Ṣé ẹ ní adìẹ nílé?" Màmá mi ní òun ní, ó sì dúpẹ́ tìtìjútìtìjú. Àmọ́ bí a ṣe jáde báyìí, ó ní, "Ẹyin kẹ̀? Kí n fọwọ́ ara mi sọ ọmọ mi dolè? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Àgbo ló ń fún un nígbà tí a délé.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ẹyin pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń kó o fún àwọn aládùúgbò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá àbúrò mi nídìí ìtẹ́ adìẹ, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹyin kan mú. Mo figbe ta, "Màmá, ẹ wá wò ó o, ó ti ń jalè!" Màmá mi sáré jáde, ó gba ẹyin náà. Àbúrò mi kò sunkún. Ó kàn ní, "Ṣebí nọ́ọ̀sì ní kí n máa jẹ ẹ́."

Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, mo rò pé mo ṣe dáadáa ni. Màmá mi tiẹ̀ yìn mí.

Ọjọ́ tí àbúrò mi kò lè dìde mọ́ ni ẹ̀rù tó ba màmá mi. Ó se ẹyin mẹ́ta, ó ń fọwọ́ bù ú sí i lẹ́nu, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Jẹ ẹ́, ìyá mi. Bó o bá fẹ́ jalè, jalè. Ṣáà jẹ ẹ́." Kò lè gbé e mì. Ó kú kí oòrùn tó wọ̀.

Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni màmá mi ń se ẹyin fún àwa tó kù, á sì dúró tì wá títí a ó fi jẹ ẹ́ tán. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó dolè.

Ayé ti yí padà. Èmi náà ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé báyìí, àwọn ọmọ-ọmọ mi sì ń jẹ ẹyin títí ó fi sú wọn. Wọ́n á ní, "Màmá, ẹyin yìí náà ni?" Wọ́n á fi ìlàjì sílẹ̀ sínú àwo. Inú mi ń dùn pé ó sú wọn, n ó sì wọ yàrá lọ sunkún. Àwọn kan ní àìmọ̀ ni, pé Ọlọ́run ti dárí jì mí. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ni mo pè lólè, òun ló yẹ kí n bẹ̀.